Ìrìn Omi Nínú Gíláàsì

Omi tó ń pa ẹja òkun nínú àpótí gíláàsì sábà máa ń mọ́ lójú. Amóníà, oró tó wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀, kò láwọ̀. Kí ẹja tó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ lójú omi, oró ti ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn àyẹ̀wò omi ju gbogbo iṣẹ́ tó kù nínú ẹja òkun sísìn lọ. Mo bu omi díẹ̀ sínú ìgò kékeré, mo ń kán oògùn àyẹ̀wò sí i lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ á sì yí lójú mi. Ohun tó fara pa mọ́ ti jáde nìyẹn.

Àwọn tó ń yà sílé mi ní Third Ward, nílùú Houston níbí, máa ń béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kéèyàn yẹ omi wò. Iye kan ṣoṣo kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn, torí ohun tó wà nínú omi kì í yára bákan náà. Èyí tó bá ń sáré, mo ń ṣọ́ ọ lemọ́lemọ́. Èyí tó bá ń rọra lọ, mo fún un láàyè.

Amóníà ló ń sáré jù nínú gíláàsì tuntun. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń sọ ọ́ di nitrite, tí àwọn mìíràn sì ń sọ nitrite di nitrate tí oró rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí àwọn kòkòrò yìí tó gbilẹ̀. Lásìkò yìí, ọjọ́ méjì-méjì ni mò ń yẹ amóníà àti nitrite wò, ẹja kankan kò sì ní wọ ibẹ̀ títí wọn yóò fi di òfo. Omi òkun kò gba àfira, torí pH rẹ̀ tó ń sún mọ́ 8.2 ń mú kí oró amóníà le sí i.

Tí gíláàsì bá ti dàgbà, iyùn ló kù. Iyùn tí à ń so mọ́ ìyàwó lọ́rùn, egungun ẹ̀dá òkun ni. Àwọn ìbátan rẹ̀ ń kọ́ egungun tiwọn lójoojúmọ́ nínú gíláàsì mi, calcium àti carbonate inú omi ni wọ́n sì ń lò. Ẹ ò rí i pé ó yani lẹ́nu! Alkalinity, tó ń fi bí carbonate yẹn ṣe pọ̀ tó hàn, ló máa ń kọ́kọ́ wálẹ̀, nítorí náà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń wọ̀n ọ́n, kó má bàa kúrò láàárín 8 sí 9 dKH. Calcium lè dúró di ọ̀sẹ̀ méjì, magnesium di oṣù. Ní tèmi, 8 tí kò mì sàn ju 9 tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ.

Ìlú Houston náà ní tirẹ̀. Chloramine, oògùn apakòkòrò, wà nínú omi ẹ̀rọ wa, amóníà sì wà nínú chloramine, torí náà mo ń sẹ́ omi dáadáa, mo sì ń yẹ èyí tí mo sẹ́ wò kí n tó po iyọ̀ mọ́ ọn. Ooru ń mú ká ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Carbon dioxide tí à ń mí síta á wá kún inú ilé, á sì fa pH wálẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, pH máa ń lọ sílẹ̀ lóru, á tún gòkè lọ́sàn-án. Wákàtí kan náà ni kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa fi àárọ̀ wé ìrọ̀lẹ́.

Ìjì ló ń ba gbogbo kàlẹ́ńdà yìí jẹ́. Nígbà ìjì òtútù oṣù Kejì ọdún 2021 àti nígbà ìjì Beryl ní oṣù Keje ọdún 2024, iná lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé Houston. Tí iná bá lọ, omi á dúró, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á dín kù, ẹ̀dá kéékèèké á kú sábẹ́ òkúta, amóníà á sì padà. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò, títí òfo yóò fi tẹ̀ lé òfo fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ tún wo ọjọ́ tó wà lára ìgò oògùn àyẹ̀wò yín, torí èyí tó ti kọjá àkókò lè pe omi burúkú ní omi dáadáa.