Funfun Tí Ẹnikẹ́ni Ò Kùn

Bí wọ́n bá ní kí ayàwòrán ya lógò fún ilé iṣẹ́ rédíò tó ń sọ̀rọ̀ nípa àyíká, ewé ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Òpó rédíò á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọn ìlà títẹ̀ tó dúró fún ìgbì ohùn, àti àwòrán ayé roboto. Gbogbo wọn á há sínú àmì kan ṣoṣo. Tó bá wá dé ojú fóònù, níbi tí kò ti tóbi ju èékánná lọ, wọ́n á dàrú mọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó kọ́kọ́ jókòó ti páńdà tó jẹ́ àmì WWF, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn ẹranko igbó, kó wò ó fínnífínní.

Ọdún 1961 ni wọ́n dá àjọ náà sílẹ̀ ní Switzerland. Páńdà kan wà ní ọgbà ẹranko ìlú London nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Chi-Chi. Òun ni wọ́n wò tí wọ́n fi ronú kan àmì àjọ náà. Ayàwòrán Gerald Watterson ló ya àwọn àwòrán àkọ́kọ́. Ara wọn ni Peter Scott, ọ̀kan lára àwọn tó dá àjọ náà sílẹ̀, ti yọ àmì náà. Ẹranko tó rẹwà, tí aráyé fẹ́ràn, tó sì wà nínú ewu àkúrun ni wọ́n ń wá. Wọ́n tún ní ìdí mìíràn, òun ni mo sì fẹ́ràn jù: owó. Dúdú àti funfun kì í jẹ́ kí owó ìtẹ̀wé ga. Scott bá mú ẹranko tí Ẹlẹ́dàá fúnra rẹ̀ ti fi àwọ̀ méjì péré parí.

Ojú Scott mú. Ẹyẹ omi ló máa ń yà, ó sì dá ibùdó kan sílẹ̀ fún wọn ní Slimbridge, ní ilẹ̀ England, ní 1946. Láti 1964, bí dúdú àti yẹ́lò ṣe pín ara wọn lẹ́nu àwọn ẹyẹ swan ibẹ̀ ló fi ń dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń sọ wọ́n lórúkọ.

Páńdà àkọ́kọ́ yẹn ṣì ní ìlà tó yí i ká. Ní 1986 ni Landor, ilé iṣẹ́ tó ń ya lógò, tún un yà, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ náà ti dé góńgó. Wọ́n yọ ìlà orí, wọ́n yọ ìlà ẹ̀yìn. Ẹ fi ìka tọ̀ ọ́ láti etí kan dé èkejì: kò sí nǹkan kan láàárín wọn àfi bébà, síbẹ̀ ojú wa ń rí agbárí tó yípo. Ẹ tún gbéra láti èjìká dúdú lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kò sí ìlà níbẹ̀ náà, àmọ́ ẹ̀yìn ẹranko náà wà, ó kún, ó wúwo. Aládìrẹ ẹlẹ́kọ mọ ọgbọ́n yìí dáadáa: funfun inú àdìrẹ rẹ̀, ibi tí aró kò dé ni, aṣọ náà gan-an la ń wò. Àlàfo ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Bí etí méjèèjì bá fi díẹ̀ sún mọ́ra, orí á kéré. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá jìnnà jù, ara á já sí méjì. Ẹni tó wọn àlàfo wọ̀nyí mọ̀ pé ojú òǹwòran á bá òun parí iṣẹ́, ó sì fọkàn tán an.

Èmi gbà pé rédíò gan-an ni ọgbọ́n yìí bá mu jù. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò kò rí igbó, kò rí odò. Ìró omi àti igbe ẹyẹ ni wọ́n fún un. Òun ló ń fi ọkàn ara rẹ̀ ya ìyókù. Kí ló dé tí lógò irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò fi lè ṣe bákan náà? Orí ẹyẹ kan tó lanu, láìsí ìlà tó yí i ká, lè tó. Àlàfo inú ẹnu rẹ̀ á di ohùn. Kí ayàwòrán kọ́kọ́ fi tàdáwà dúdú nìkan tẹ̀ ẹ́ wò, kó gé e kéré, kó fi han ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà. Àwọ̀ ewé lè dúró títí dúdú yóò fi lè dá iṣẹ́ náà ṣe.