Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀ṣọ́ Inú Gbọ̀ngàn ń Sọ: Sinimá Granada ní Woolwich àti Iṣẹ́ Ọnà Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Bí a bá wọ ilé kan, ara ògiri, òpó àti ilẹ̀kùn ni ó máa ń kọ́kọ́ bá wa sọ̀rọ̀ kí onílé tó kí wa. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ tí ọ̀ṣọ́ inú ilé sinimá àtijọ́ kan ń sọ wò, kí a sì fi iṣẹ́ ọnà Ọ̀yẹ́-Èkìtì díwọ̀n rẹ̀.

Ilé sinimá náà ni Granada, tí a ṣí ní Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1937. Theodore Komisarjevsky, olùdarí eré orí ìtàgé láti Rọ́ṣíà, ni ó ṣe ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀. Ọnà Gọ́tíìkì, tí a mọ̀ mọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àtijọ́ ní Yúróòpù, ni ó fi wọ ilé eré láṣọ. Ní 1966, ilé náà di ilé bíńgò. Ní 2011, ìjọ Christ Faith Tabernacle rà á. Báyìí ni aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tí sinimá yá wọ̀ ṣe pàdé ṣọ́ọ̀ṣì gan-an.

Ó rọrùn láti sọ pé ọ̀ṣọ́ náà ti délé. Èrò tiwa yàtọ̀. Ọ̀ṣọ́ orí ìtàgé ni: ó ń ya ojú lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò ní ìtàn tí ó fẹ́ kọ́ni. Bí a bá ti pa iná kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣò. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, láàrin 1947 sí 1954, àwọn àlùfáà Kátólíìkì méjì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Bándélé, ọmọ Àreògún ará Òsì, ti gbẹ́gi fún ṣọ́ọ̀ṣì, tí Làmídì Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí, sì ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn náà yá ọnà lò: ọwọ́ tí a fi ń gbẹ́ òpó ààfin àti ère òrìṣà ni wọ́n fi gbẹ́ ìtàn Bíbélì. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ṣòkòtò náà rán kí ó lè bá ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ mu. Ẹni tí kò mọ̀wé lè ka ìtàn náà lára igi, nítorí pé aṣọ àti ìṣe tí ó mọ̀ ni ó rí níbẹ̀.

Síbẹ̀, Woolwich ṣíwájú wa ní ọ̀nà kan: òfin dáàbò bo ọ̀ṣọ́ Granada, ẹni tí ó rà á kò lè fọ́ ọ bí ó ṣe wù ú. Níhìn-ín, a máa ń yọ ilẹ̀kùn gbígbẹ́ dànù kí a lè fi onírin rọ́pò rẹ̀.

Ní àkótán, olùkọ́ tí kò lè ka ara ilẹ̀kùn kò lè kọ́ ọmọ láti dá a sí. A rọ àwọn olùkọ́ lọ́la láti mú akẹ́kọ̀ọ́ wọn dé àwọn ààfin àti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìdó, kí wọ́n sì bi wọ́n léèrè pé: kí ni igi yìí ń sọ?