Ìlà Kan Lójúmọ́: Àtẹ Tí Àwọn Ará Ṣáínà Fi Ń Ka Ọjọ́ Òtútù

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ọjọ́ tí òru gùn jù lọ nínú ọdún kì í kọjá lásán. Dongzhi ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 21 sí 23 oṣù Kejìlá. Ará àríwá á jẹ jiaozi, ìyẹn ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àlìkámà dì. Ará gúúsù á se tangyuan, ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n fọwọ́ yí ní róbótó sínú omi dídùn. Nígbà ayé àwọn ọba ńlá, ọjọ́ yìí ni ọba fúnra rẹ̀ máa ń rúbọ sí Ọ̀run lórí pèpéle róbótó tí wọ́n mọ sí Beijing ní 1530. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò kò tó ẹbọ ọba. Ewé tákàdá kan ni, tí wọ́n máa ń fi kọ́ ara ògiri ní ọjọ́ Dongzhi, tí kì í sì í kún títí òtútù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Jiujiu xiaohan tu ni orúkọ rẹ̀: àtẹ mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án tí a fi ń lé òtútù lọ.

Láti Dongzhi ni ìkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìpín mẹ́sàn-án ni, ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 81. Ìkà náà ti pẹ́: ìwé tí Zong Lin kọ ní ọ̀rúndún kẹfà nípa àṣà àwọn ará àárín odò Yangtze ti mẹ́nu bà á. Mẹ́sàn-án ni wọ́n kà sí ògbólógbòó nínú nọ́ńbà yang, ìyẹn agbára ìmọ́lẹ̀ àti ooru, ìdí nìyẹn tí òkúta orí pèpéle ọba fi bẹ̀rẹ̀ láti 9 ní òbíríkítí àkọ́kọ́, tó di 18 ní ìkejì, tó sì parí sí 81 ní ìkẹsàn-án. Bẹ́ẹ̀ ni Dongzhi kò mú ìyà kúrò. Lóòótọ́ ọ̀sán ń gùn sí i láti ọjọ́ náà, síbẹ̀ ooru tí ilẹ̀ ń pàdánù ṣì pọ̀ ju èyí tí oòrùn ń fún un lọ, nítorí náà ìpín kẹta, ní àárín oṣù Kìíní, ni òtútù máa ń mú jù. Ẹni tó jẹ jiaozi lọ́jọ́ àjọ̀dún mọ̀ pé èyí tó le jù ṣì ń bọ̀. Àtẹ náà wà fún sùúrù.

Oríṣi kan jẹ́ òdòdó. Liu Tong àti Yu Yizheng ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n kọ nípa Beijing ní 1635: wọ́n á ya ẹ̀ka igi plum kan tó ní ewé òdòdó 81 láì kùn ún, wọ́n á sì máa kun ẹyọ kan lójúmọ́. Oríṣi mìíràn jẹ́ òbíríkítí 81, ó sì wúlò ju òdòdó lọ lójú tèmi, torí ó ń ṣe àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, wọ́n á kun apá òkè. Bí oòrùn bá ràn, apá ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ni òsì, òjò ló ni ọ̀tún, àárín sì ni ti yìnyín. Tí ìgbà òtútù bá fi máa parí, ìdílé náà ti ní ìwé ẹ̀rí bí ó ṣe rí gan-an.

Oríṣi kẹta ló gbà mí lọ́kàn jù. Ìtàn ààfin so ó mọ́ ọba Daoguang, tó jọba láti 1820 títí di 1850. Gbólóhùn kan ni, àmì ìkọ̀wé mẹ́sàn-án ló sì wà nínú rẹ̀: ó ń sọ nípa igi willow tó so orí kọ́ níwájú àgọ́, tó ń fi sùúrù dúró de afẹ́fẹ́ ìgbà ìrúwé. Ìlà mẹ́sàn-án ló wà nínú àmì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fa ìlà tínrín yí àmì náà po, wọ́n á fi inú rẹ̀ sílẹ̀ ní funfun, àwọn ọ̀mọ̀wé ààfin á sì máa fi tàdáwà kun ìlà kan lójúmọ́, wọ́n á tún kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí sí i.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀, torí ibí ni ọgbọ́n wà. Nínú ábídí tí à ń lò, ẹnì kan lè kọ k ní ìlà méjì, kí ẹlòmíràn kọ ọ́ ní mẹ́ta, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Ti Ṣáínà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ń kọ́ iye ìlà àmì kọ̀ọ̀kan àti èyí tó yẹ kó ṣáájú, àní iye ìlà ni wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀. Ìlà náà ti jẹ́ ohun tó ṣeé kà kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti fi ka ọjọ́. Ẹni tó ṣe àtẹ yìí kò fi ohun àjèjì kún ìkọ̀wé. Ohun tó ti wà nínú rẹ̀ ló lò. Nítorí náà, àtẹ yìí kò jọ kàlẹ́ńdà tí a kọ ọ̀rọ̀ sí. Kíkọ ọ̀rọ̀ náà gan-an ni kàlẹ́ńdà. Ní ọjọ́ kẹrin, ohun tó wà lórí tákàdá kò tíì jẹ́ ọ̀rọ̀ kankan. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ló di ọ̀kan. Gbólóhùn kan ṣoṣo gba oṣù méjì ààbọ̀ ó lé díẹ̀, ẹni tó ń kọ ọ́ sì ń dúró gẹ́gẹ́ bí igi tó ń kọ nípa rẹ̀.

Ẹ tún wo ètò àwọn ọ̀rọ̀ náà. Kàlẹ́ńdà ìjọba ti ní ọjọ́ tirẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, Lichun, ní nǹkan bí ọjọ́ 4 oṣù Kejì. Ọjọ́ 45 ìkà náà nìyẹn, ilẹ̀ Beijing sì ṣì le gbagidi. Àtẹ náà kò gbà. Ìgbà ìrúwé ni àmì kẹjọ, afẹ́fẹ́ sì ni ìkẹsàn-án, nítorí náà òpin oṣù Kejì ni ọwọ́ ẹni tó ń kọ ọ́ máa tó kan ìgbà ìrúwé, nǹkan bí ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ni yóò sì parí. Mo fara mọ́ àtẹ náà ju ìjọba lọ. Ohun tí awọ ara ń gbọ́ ló ń sọ.

Àléébù rẹ̀ kò fara sin: ẹni tó ní yàrá, tàdáwà àti ìmọ̀ ìwé ló wà fún. Àgbẹ̀ ní orin tirẹ̀ tó fi ń ka ìpín mẹ́sàn-án náà, láti ìgbà tí ọwọ́ kò ṣeé yọ síta, dé ìgbà tí ènìyàn lè rìn lórí omi tó dì, títí màlúù fi máa tún bẹ̀rẹ̀ sí í túlẹ̀. Ìkà kan náà ni, síbẹ̀ oko ni orin náà parí sí. Èmi kò lè sọ pé ti ààfin ju ti àgbẹ̀ lọ. Ohun tí mo lè sọ ni pé ti ààfin nìkan ló fi ohun tí ìkọ̀wé fúnra rẹ̀ lè ṣe hàn wá.

Ní 1956, ìjọba Ṣáínà gbé ètò jáde láti mú àwọn àmì rọrùn, ètò náà sì ti ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ láti mọ̀wé. Ṣùgbọ́n 風, tó dúró fún afẹ́fẹ́, di 风: ìlà 9 di 4. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí tó bá fẹ́ fi àtẹ yìí han àwọn ọmọ, ẹ wá èyí tó ní àmì àtijọ́, kí inú rẹ̀ sì ṣófo. Èyí tí wọ́n fi 风 parí yóò tán kí òtútù tó tán.