Norman Shelley: Ohùn Ta Là Ń Gbọ́ Yìí?

Bí ẹ bá wá orúkọ Norman Shelley lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa kan ìtàn pé òun ló ṣe ohùn Winston Churchill nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n ní ọwọ́ olórí ìjọba dí, BBC sì nílò ohùn rẹ̀, ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe òṣèré tó ń ṣe ohùn béárì fáwọn ọmọdé. Ìtàn yẹn dùn o! Láyé tí kọ̀ǹpútà ti ń sín ohùn ènìyàn jẹ yìí, kò yà mí lẹ́nu pé ó ṣì ń ràn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká tú u wò. Lọ́jọ́ 4 oṣù Okúdù ọdún 1940, inú ilé aṣòfin ni Churchill ti sọ ọ̀rọ̀ olókìkí náà pé àwọn á jà létí òkun. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, akàròyìn BBC ló ka díẹ̀ nínú rẹ̀ lórí rédíò. Èyí tá a ń gbọ́ lẹ́nu Churchill lónìí, ọdún 1949 ló tó kà á sílẹ̀, ogun ti parí tipẹ́. Ti Shelley ńkọ́? Wọ́n rí àwo kan lóòótọ́ tó ní orúkọ rẹ̀ àti ti Churchill lára, ṣùgbọ́n ọdún 1942 ló wà lára rẹ̀. Ṣé àwo ọdún 1942 ló máa wá kọrin lọ́dún 1940 ni?

Ohun tó ń dùn mí ni pé àhesọ yìí ti gbé iṣẹ́ ọkùnrin náà mì. Wọ́n bí i ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1903. Ó ṣeré lórí ìtàgé, ṣùgbọ́n rédíò gan-an loko rẹ̀. Lórí ètò àwọn ọmọdé tí BBC ń pè ní Children's Hour, òun ni Winnie-the-Pooh. Ó tún ṣe Toad, ọ̀pọ̀lọ́ tó ń fẹ́nu fọ́nnu kiri nínú The Wind in the Willows.

Èyí tó wù mí jù ni Dókítà Watson. Láti 1952 títí di 1969 ni Carleton Hobbs fi ṣe Sherlock Holmes, Shelley sì ni Watson rẹ̀. Ipa tó le ni o. Watson ló máa bi Holmes ní ìbéèrè tó wà lọ́kàn àwa olùgbọ́, ló máa sọ ibi tá a wà, síbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dà bí òmùgọ̀. Nínú fíìmù, Nigel Bruce ti sọ Watson di apanilẹ́rìn-ín tí kò mọ apá mọ ẹsẹ̀. Shelley ò ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà ológun tó ti rí ogun ló fún wa, ohùn rẹ̀ nípọn, ó gbóná, ti Hobbs sì mú bí abẹ. Ẹ ò nílò kẹ́nikẹ́ni pe orúkọ wọn kẹ́ ẹ tó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí Holmes bá sì tú àṣírí kan, Shelley á dákẹ́ díẹ̀ ná. Ẹ̀ẹ́ gbọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ ọ́ lára kó tó dáhùn.

Àwọn bàbá wa pe rédíò ní aṣọ̀rọ̀mágbèsì. Watson ti Shelley ló ń bá wa fèsì.

Ṣé kò ní àléébù ni? Ó ní. Nígbà míì ẹ̀rín rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, béárì àwọn ọmọdé á sì yọjú lábẹ́ kóòtù dókítà. Ọjọ́ orí náà tún wà níbẹ̀: nígbà tí eré náà parí, Shelley ti pé 66, Hobbs ti lé ní 70, bẹ́ẹ̀ ọ̀daràn ni wọ́n ń lé kiri nínú kùrukùru Lọ́ńdọ̀nù! Rédíò bò wọ́n láṣìírí.

Lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, ó di Colonel Danby nínú The Archers, eré àwọn ará abúlé tí BBC ṣì ń ṣe dòní. Ọdún 1980 ló kú. Àwọn eré Holmes yẹn ṣì wà, ó sì ṣeé gbọ́ lórí fóònù. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wá ohùn rẹ̀, kì í ṣe lẹ́nu Churchill.