Iṣẹ́ Láìsí Ìbéèrè Kì Í Ṣe Ẹ̀kọ́

Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà (1974), Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá fi hàn pé eré àti iṣẹ́ wà lára ohun tí àwọn baba wa fi ń kọ́ ọmọ nílé. Òótọ́ ni. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, ọmọ ayò 48, ìṣirò nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra. Ọmọ Ìbẹ̀fún tó ń bá ìyá rẹ̀ yan gàrí lè dàgbà láìmọ̀ pé jíjẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rírin kan, kí a sì fún omi rẹ̀ dànù, ń dín májèlé inú rẹ̀ kù. Ìbéèrè ló ń sọ iṣẹ́ di ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọ yín pé, “Kí nìdí?” Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.