Ẹṣin Tó Yọ Lára Pákó
Ká ní ẹnìkan fẹ́ gbẹ́ Ọ̀rọmpọ̀tọ̀, ọ̀kan nínú àwọn Aláàfin Ọ̀yọ́ mẹ́rin tí wọ́n sin sí Ìgbòho, sára ilẹ̀kùn, lórí ẹṣin. Lóde òní, orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ ti lè bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀rọ CNC, ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó kan igi rárá.

Iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà yìí gan-an ló wù mí. Nínú Aspire, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣètò iṣẹ́ fún ẹ̀rọ CNC, ara ẹṣin ni wọn yóò kọ́kọ́ mọ. Bí wọ́n bá gbé gàárì lé e pẹ̀lú àṣẹ Add, gàárì á tẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹṣin ṣe tẹ̀. Subtract ló ń lu ihò imú. Ti ẹsẹ̀ méjì tó kọjá lára wọn, Merge ni: èyí tó ga jù ló máa hàn. Gbogbo rẹ̀, bóyá inú ìjìnlẹ̀ mìlímítà 12 péré ni yóò há sí! Ọ̀jáfáfá ló mọ ibi tó yẹ kó tẹ̀ pẹlẹbẹ kí ojú lè rò pé ó jìnnà.

Ṣùgbọ́n òkè nìkan ni abẹ ẹ̀rọ CNC tó wọ́pọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀; kò lè yọ́ wọ abẹ́ àgbọ̀n. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, ẹ wo Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n pàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924. Àwọn ère ibẹ̀ yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bíi pé wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ irú rẹ̀, kó tún mú ọ̀bẹ lẹ́yìn ẹ̀rọ.