Bí Wọ́n Ṣe Gbẹ́ Ojú Maurice Mímọ́

Nínú kàtídírà ìlú Magdeburg, ní ìlà-oòrùn Jámánì, ère jagunjagun kan wà lápá ibi pẹpẹ, kò jìnnà sí ibojì Otto Kìíní, olú-ọba tó wàjà ní ọdún 973. Òkúta iyanrìn ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti gé kúrò nísàlẹ̀ orúnkún, ohun tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ sì fi díẹ̀ ga ju mítà kan lọ. Ọ̀kọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà ti sọnù. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbójú sókè wò ó kò ní tètè gbójú kúrò. Adúláwọ̀ ni. Imú rẹ̀ fẹ̀, ètè rẹ̀ nípọn, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kun ojú rẹ̀ kò sì tíì tán lára rẹ̀ dòní. Maurice Mímọ́ nìyẹn. Láàárín ọdún 1240 sí 1250 ni wọ́n gbẹ́ ẹ, òun sì ni ère tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tí a mọ̀ tó fi ẹni mímọ́ yìí hàn ní aláwọ̀ dúdú.

Ìtàn tí Ìjọ ń sọ nípa rẹ̀ kò gùn. Balógun ni, olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Róòmù kan tí wọ́n kó jọ láti agbègbè Thebes ní gúúsù Íjíbítì, onígbàgbọ́ sì ni gbogbo wọn. Ní nǹkan bí ọdún 286, Késárì Maximian kó wọn wá sí Agaunum, láàárín àwọn òkè Alps, ní ilẹ̀ tó ti di Switzerland lónìí. Ó ní kí wọ́n rúbọ sí àwọn òrìṣà Róòmù, kí wọ́n sì yọ idà sí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ẹlẹgbẹ́ wọn. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n kà wọ́n ní mẹ́wàá mẹ́wàá, kí wọ́n bẹ́ orí ẹnì kan nínú mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kù ò yẹhùn. Wọ́n tún kà wọ́n, wọ́n tún bẹ́ orí, títí wọ́n fi pa gbogbo wọn tán pẹ̀lú balógun wọn. Eucherius, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Lyon, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún karùn-ún. Àwọn òpìtàn òde òní kò gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ bó ṣe wà, pàápàá iye èèyàn tí wọ́n ní ó kú. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tó hù látinú rẹ̀ fìdí múlẹ̀: ilé àwọn mọ́ńkì tí Ọba Sigismund dá sílẹ̀ ní Agaunum ní ọdún 515 ṣì wà, wọ́n ṣì ń gbàdúrà níbẹ̀. Orúkọ balógun yìí náà ni ìlú St. Moritz ń jẹ́, ìlú orí yìnyín tí wọ́n ti ṣe Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní 1928 àti 1948. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ síbẹ̀ lọ fi bàtà yìnyín ṣeré kò mọ̀ pé orúkọ ajẹ́rìíkú ọmọ Áfíríkà ló wà lẹ́nu àwọn.

Otto ló gbé e dé Magdeburg. Ní 937 ó kọ́ ilé mọ́ńkì kan síbẹ̀ lórúkọ Maurice. Ní 961 eegun ẹni mímọ́ náà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ní 968 ìlú náà di ìjókòó bíṣọ́ọ̀bù àgbà. Maurice wá di aláàbò ìlú, ó tún di aláàbò àwọn ọmọ ogun tó ń ti ààlà ìjọba Jámánì lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Ẹ má jẹ́ ká fi bò: àwọn alágbára ayé ló gbé e ga, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń wá lára rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, aláwọ̀ funfun ni wọ́n máa ń yà á. Iná jó ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ náà ní 1207, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní 1209, èyí tó wà níbẹ̀ títí dòní. Nínú iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun yìí ni ère wa ti jáde.

Ta ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ ní dúdú? Ìwé kankan kò sọ ọ́. Orúkọ ọ̀gá tó gbẹ́ ẹ pàápàá kò sí lákọsílẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan tọ́ka sí Frederick Kejì, olú-ọba tó wàjà ní 1250, tó ní àwọn ìránṣẹ́ àti olórin aláwọ̀ dúdú láàfin rẹ̀ ní gúúsù Ítálì. Èyí ó wù kó jẹ́, ohun kan dá mi lójú nígbà tí mo bá wo iṣẹ́ náà: ọ̀gá yìí ti rí ojú adúláwọ̀ rí, ó sì ti fara balẹ̀ wò ó. Ohun tí wọ́n kàn ròyìn féèyàn kò lè rí báyìí.

Ẹ wo orí rẹ̀ ná. Fìlà tí wọ́n fi òrùka irin hun ló wà lórí rẹ̀, irú èyí tí àwọn jagunjagun ayé ìgbà yẹn ń dé, ó bo orí, ó bo etí, ó yí gbogbo ojú ká láti iwájú orí títí dé abẹ́ àgbọ̀n. Irun kankan kò hàn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀gá ni mo ń wò. Irun ni ohun tó rọrùn jù fún agbẹ́kùúta tó bá fẹ́ sọ fún ará Jámánì pé adúláwọ̀ lẹni yìí: kó gbẹ́ ẹ ní wínníwínní, kó kó o jọ sórí, iṣẹ́ ti parí. Ọ̀gá yìí fi fìlà irin bo ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn pa. Ó wá kù ú ku ojú nìkan, ojú tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ ti gbọ́dọ̀ parí sí.

Ó sì parí síbẹ̀. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ díẹ̀ lábẹ́ ẹran ara, kò yọ jù. Imú fẹ̀ nísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ sì jókòó dáadáa sórí ojú, kò dà bí ohun tí wọ́n mú láti ibòmíràn wá lẹ̀ mọ́ ọn. Ètè méjèèjì pàdé láìfún pọ̀. Ojú rẹ̀ là, ìpéǹpéjú rẹ̀ wúwo díẹ̀, ìpọ́njú wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín, kò gbójú sókè ọ̀run bí ọ̀pọ̀ ajẹ́rìíkú ṣe máa ń ṣe nínú ère. Ẹni tó ti mọ ohun tí wọ́n máa pàṣẹ fóun, tó sì ti mọ èsì tí òun máa fọ̀, ló rí bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí. Fìlà àti ẹ̀wù irin yẹn, ìlà òrùka lórí ìlà òrùka ni wọ́n gbẹ́ ẹ, ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka, ìmọ́lẹ̀ ń dí mọ́ ọn lójú òrùka kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ ní tirẹ̀ ń jọ̀lọ̀, ìmọ́lẹ̀ ń ṣàn kọjá lórí rẹ̀. Tí wọ́n bá gbẹ́ irin yẹn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ojú náà ìbá rì sínú òkúta. Irin tó le ló jẹ́ kí ẹran ara rẹ̀ rọ̀ lójú wa. Ẹni tó ń gbẹ́ nǹkan yóò mọ irú sùúrù tó gbà, torí òrùka wọ̀nyẹn kò lóǹkà, kò sì sí ìkankan tó ṣe àṣekù.

Ní àyà rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù awọ kan lé ẹ̀wù òrùka náà lórí. Orí ìṣó tò lọ lórí ẹ̀wù yẹn ní ìlà, ìṣó yẹn ló so àwọn pẹlẹbẹ irin mọ́ inú awọ, níbi tí ojú kò tó. Ìhámọ́ra tuntun pátápátá ni nígbà náà. Àwọn tó ń kọ ìtàn ohun ogun ní Yúróòpù máa ń tọ́ka sí ère yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó fi irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ̀wù náà kò ká, kò wé mọ́ ara bí aṣọ. Ó le gbagidi lójú àyà. Ọ̀gá náà gbẹ́ irin tí a kò rí nípa bí awọ tó bò ó ṣe dúró. Irú ìmọ̀ báyìí kì í wá látinú ìwé ìtàn ẹni mímọ́. Ó ti ní láti rí i lára jagunjagun.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa ronú lórí ohun tó ṣe. Kò wọ Maurice ní aṣọ Róòmù àtijọ́. Kò wọ̀ ọ́ ní aṣọ àjèjì láti ìlú òkèèrè. Ẹ̀wù tí ọmọ ogun Magdeburg ń fi owó gọbọi rà lọ́dún 1245 ló gbé wọ ọmọ Áfíríkà yìí, ó sì fi í sáàárín ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sin olú-ọba sí. Àsìkò wo nìyẹn? Àsìkò tí ó jẹ́ pé bí adúláwọ̀ bá yọ nínú ère tàbí àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì ní Yúróòpù, ipò ìkà ni wọ́n sábà máa ń fi í sí: òun ló ń na Jésù lẹ́gba, òun ló gbé idà lọ́wọ́ láti bẹ́ orí ẹni mímọ́. Níhìn-ín, òun gan-an ni ẹni mímọ́ náà. Ọ̀gá agbẹ́kùúta kan, ẹni tó jọ pé ìwàásù kò kàn, fi ìṣọ́nà yí ìtàn padà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé iṣẹ́ Magdeburg ṣe gbóná tó nígbà náà, kó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà tó wà lápá àríwá kàtídírà kan náà, kó wo àwọn wúndíá mẹ́wàá inú àkàwé Jésù, tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí 1250. Àwọn ọlọ́gbọ́n márùn-ún ń rẹ́rìn-ín tí eyín fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn, àwọn òmùgọ̀ ń sunkún, ojú wọn fún pọ̀. Mo fẹ́ràn wọn púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí n túbọ̀ mọyì Maurice, torí ìlú tó mọ ère gbẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tó lè mú òkúta sunkún, ìlú náà ló fi ẹni mímọ́ yìí sílẹ̀ ní jẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, Maurice dúdú tàn ká ìlà-oòrùn Jámánì títí dé etí Òkun Baltic, níbi tí àwọn oníṣòwò Riga ti fi í ṣe aláàbò ẹgbẹ́ wọn. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Lucas Cranach àti Matthias Grünewald yà á fún Albrecht ti Brandenburg, kádínà tó fi ìlú Halle ṣe ibùjókòó. Ti Grünewald wà ní Munich báyìí: Maurice àti bíṣọ́ọ̀bù Erasmus dojú kọra wọn, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, adúláwọ̀ sì ni ọ̀kan, ẹnu wọn dọ́gba. Àwòrán tó níyì ni. Ṣùgbọ́n nínú ti Cranach, ìyẹ́ ògòǹgò tó wà lórí fìlà àti ìhámọ́ra tó ń dán ni ojú kọ́kọ́ ń lọ bá, ohun ọ̀ṣọ́ ti gba ipò ojú. Ti El Greco, tó yà fún ọba Spéìn láàárín 1580 sí 1582, mú un padà sí aláwọ̀ funfun.

Ìlú Coburg ló gbé e lọ jìnnà jù. Orí Maurice ni àmì ìlú náà, orí dúdú pẹ̀lú yẹtí létí, àní ó wà lára ìdérí irin tó bo kòtò ojú títì wọn. Ní 1934 àwọn Násì pa àmì náà rẹ́, wọ́n fi idà àti swastika rọ́pò rẹ̀. Ní 1945 àwọn ará ìlú dá a padà. Ní 2020 àríyànjiyàn tún dìde, àwọn kan ní kí wọ́n yọ ọ́ nítorí bí wọ́n ṣe ya ètè àti yẹtí rẹ̀ ń bú àwọn aláwọ̀ dúdú. Mo gbọ́ ohun tí tọ̀tún-tòsì ń sọ. Ní tèmi, ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ iṣẹ́ ọnà: ti Coburg kó àmì adúláwọ̀ jọ sórí kan, ti Magdeburg wo èèyàn kan lójú. Ẹnikẹ́ni tó bá fi méjèèjì wéra yóò rí ìyàtọ̀ náà láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣàlàyé fún un.

Láti 1567 ni kàtídírà Magdeburg ti di ti àwọn Lúútérù, àwọn tí kì í gbàdúrà gba ọ̀dọ̀ ẹni mímọ́ kankan. Wọn ò sì gbé ère náà jáde. Ní May 1631 àwọn ọmọ ogun ọ̀gágun Tilly jó ìlú náà kanlẹ̀, nǹkan bí ogún ẹgbẹ̀rún èèyàn kú, ìwọ̀nba àwọn tó sá wọ kàtídírà ló rù ú là. Ní January 1945 bọ́ǹbù tún rọ̀ lé ìlú náà lórí. Maurice la gbogbo rẹ̀ já, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ọ̀kọ̀ rẹ̀ nìkan ni kò sí.

Nínú gbogbo ère jagunjagun tí Yúróòpù gbẹ́ ní ọ̀rúndún kẹtàlá, n kò mọ èyí tí mo lè gbé síwájú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Jámánì, ọkọ̀ ojú irin láti Berlin dé Magdeburg kò gbà tó wákàtí méjì. Ẹ lọ ní ọ̀sán, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, ẹ mú àwọn ọmọ yín dání, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ojú yẹn dáadáa.